Òǹkàwé Tí Kò Tíì Yó: Ìwé Ìtàn Adẹ́rùbani Tuntun àti Iṣẹ́ Olùkọ́ Yorùbá

Ìfáàrà

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tó lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan padà wá bá wa pẹ̀lú ìbéèrè tí kò rí ìdáhùn sí. Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì rẹ̀ tó ka Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tán láàárín ọjọ́ mẹ́rin, tó sì fi Igbó Olódùmarè tẹ̀ lé e. Nígbà tó dá ìkejì padà, ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́ mà, ẹ̀rù inú èyí kò tó mi. Ẹ fún mi ní òmíràn tí n kò ní lè dá nìkan sùn tí mo bá kà á tán." Akẹ́kọ̀ọ́ wa wá inú ìwé tó ní, kò rí nǹkan kan. Ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ló fi lé ọmọ náà lọ́wọ́ níkẹyìn. Ọmọ náà kà á, ó dá a padà, ó ní olè ló wà nínú rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀rù. Èyí kò tíì tán nílẹ̀ tí bàbá ọmọ náà fi wá sí ilé-ẹ̀kọ́ láti kìlọ̀ pé òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún ọmọ òun ní ìwé ẹ̀mí òkùnkùn mọ́.

Nínú iṣẹ́ yìí, a fẹ́ gbìyànjú láti dá akẹ́kọ̀ọ́ wa lóhùn. Ìbéèrè ọmọ yẹn àti ẹ̀sùn bàbá rẹ̀, a kò lè dá ọ̀kan lóhùn kí a fi èkejì sílẹ̀. Olùkọ́ tó bá fẹ́ dábàá ìwé tó ń ba ènìyàn lẹ́rù gbọ́dọ̀ mọ irú ẹ̀rù tó wà nínú rẹ̀, kí ó sì lè ṣàlàyé fún òbí ohun tí ẹ̀rù náà wà fún. Púpọ̀ nínú àwọn ìwé tuntun tí a ó dárúkọ ni a kọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. A mọ̀ pé èyí lè ya àwọn kan lẹ́nu nínú jọ́nà bí irú èyí. Ìdí rẹ̀ yóò hàn bí a bá ti ń bá àlàyé wa lọ.

Ohun Tí Ìtàn Adẹ́rùbani Jẹ́

Ìtàn adẹ́rùbani ni a pe àròsọ tí òǹkọ̀wé rẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ to ètò rẹ̀ kí ẹ̀rù lè ba ẹni tó ń kà á. Mímọ̀ọ́mọ̀ yìí ṣe pàtàkì. Ẹ̀rù lè bà wá nígbà tí a bá ń ka ìròyìn ogun, ṣùgbọ́n akọ̀ròyìn kò fi ẹ̀rù ṣe ohun tó ń tà. Òǹkọ̀wé ìtàn adẹ́rùbani ń tà á, òǹkàwé sì ń fi owó ara rẹ̀ rà á.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwé The Castle of Otranto tí Horace Walpole gbé jáde ní 1764 ni àwọn onímọ̀ sábà máa ń tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí ìbẹ̀rẹ̀ irú àròsọ yìí. Mary Shelley bẹ̀rẹ̀ Frankenstein ní 1816, nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 18 (kò ju ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé lọ), ìwé náà sì jáde ní 1818. Bram Stoker gbé Dracula jáde ní 1897. Ìtàn ìdàgbàsókè yìí gùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni a bá wá. Èrò mẹ́ta láti ọwọ́ àwọn tó ti ronú lórí ẹ̀rù nínú ìwé ni a nílò.

Èkíní jẹ́ ti Ann Radcliffe, òǹkọ̀wé àròsọ tó kú ní 1823. Nínú àròkọ rẹ̀ kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1826, ó ya oríṣi ẹ̀rù méjì sọ́tọ̀. Ọ̀kan ń la ọkàn, ó ń jí gbogbo iyè inú sílẹ̀. Èkejì ń mú ọkàn súnkì, ó ń mú un dì bí omi dídì. A ó pe ti àkọ́kọ́ ní ìfòyà, a ó sì pe ìkejì ní ìpayà. Bí ènìyàn bá wà lóko ní ọ̀sán gangan, tó gbọ́ tí ohùn kan pe orúkọ rẹ̀ láti inú igbó, tó sì rántí pé àwọn àgbàlagbà ní kí a má ṣe jẹ́ irú ìpè bẹ́ẹ̀, ìfòyà ni ohun tó mú un. Bó bá wá kọsẹ̀ lára òkú tó ti wú, ìpayà nìyẹn. Ìwé tó bá mọ ìpayà nìkan ṣe kì í pẹ́ sú ènìyàn.

Èrò kejì wá láti ọ̀dọ̀ Noël Carroll (1990). Ó ní ohun tó ń ba ènìyàn lẹ́rù nínú irú ìtàn yìí ni ẹ̀dá tí kò ṣe é pín sí ìsọ̀rí: tí kò kú tí kò yè, tí kì í ṣe ènìyàn tí kì í ṣe ẹranko. Ìríra irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ ń lé wa sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ìfẹ́ láti mọ ohun tó jẹ́ ń fà wá síwájú. Yorùbá kò ṣàìní irú ẹ̀dá yìí. Akúdàáyà tó kú ní ìlú kan tó lọ ń ta ọjà, tó ń bímọ ní ìlú mìíràn, kò bọ́ sí ìsọ̀rí kankan. Àbíkú náà kò sì bọ́ sí i.

Èyí tí a ó lò jù ni ti Tzvetan Todorov (1970). Iyèméjì ni ó fi ṣe ìpìlẹ̀. Nǹkan àràmàǹdà kan ṣẹlẹ̀ nínú ìtàn: ṣé òtítọ́ ni, àbí ojú ẹ̀dá ìtàn ló ń ṣe ràkọ̀ràkọ̀? Níwọ̀n ìgbà tí òǹkàwé kò bá tíì lè dá a mọ̀, ó wà nínú iyèméjì. Bó bá ti gbà pé ebora wà nínú ayé ìtàn náà, tí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ kò sì yà á lẹ́nu, a ti jáde kúrò ní àgbègbè iyèméjì, a ti wọ ilẹ̀ ìyanu.

Ẹ̀rù Nínú Àròsọ Yorùbá

Bí a bá gbé ìwọ̀n Todorov lé Fágúnwà, a ó rí ìdí tí ọmọbìnrin yẹn fi ní ẹ̀rù kò tó òun. D. O. Fágúnwà gbé Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní 1938, Igbó Olódùmarè àti Ìrèké Oníbùdó tẹ̀ lé e ní 1949, Ìrìnkèrindò Nínú Igbó Elégbèje ní 1954, Àdììtú Olódùmarè sì jáde ní 1961, ọdún méjì kí òǹkọ̀wé náà tó di olóògbé. Àgbákò olójú mẹ́rìndínlógún kò mú iyèméjì kankan bá Àkàrà-ògùn. Ó bẹ̀rù rẹ̀, ṣùgbọ́n kò bi ara rẹ̀ bóyá ó wà. Ọdẹ pàdé ebora, wọ́n bú ara wọn, wọ́n fọ́nnu, wọ́n pe ọfọ̀, wọ́n jà. Ohùn ni Yorùbá fi ń pàdé ẹ̀rù. Ẹni tó bá lè pe orúkọ ohun tó ń dẹ́rù bà á, tó sì lè ki í, ti borí ìdajì rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń rẹ́rìn-ín nígbà tí a bá ń ka Fágúnwà, tí àyà wa sì ń já lẹ́ẹ̀kan náà.

Èyí kò sọ pé ẹ̀rù gidi kò sí nínú rẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ Ògbójú Ọdẹ, níbi tí Àkàrà-ògùn ti sọ nípa ìyá rẹ̀, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibi tó ń ba ènìyàn lẹ́rù jù lọ nínú lítíréṣọ̀ wa. Bàbá yìnbọn fún ẹran lóru, ipa ẹ̀jẹ̀ sì darí rẹ̀ padà sí ilé ara rẹ̀, sọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀. Igbó kọ́ ni ẹ̀rù ti wá níbí, ilé ni. Ó jẹ́ ohun ìyanu fún wa pé àwọn lámèyítọ́ ti sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí àwọn ebora inú igbó, tí ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ tó wọlé yìí kò sì gba àyè tó bẹ́ẹ̀ nínú ohun tí a ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa.

Àwọn tó tẹ̀ lé Fágúnwà ní ipa ọ̀nà ìrìn-àjò yìí kò ṣàìpọ̀. J. Ògúnsínà Ògúndélé kọ Ibú Olókun (1956) àti Èjìgbèdè Lọ́nà Ìsálú-Ọ̀run, D. J. Fátànmí kọ K'órimálẹ̀ Nínú Igbó Adìmúlà (1967). Amos Tutùọlá, ọmọ Abẹ́òkúta, gbé tirẹ̀ gba ojú ọ̀nà èdè Gẹ̀ẹ́sì: The Palm-Wine Drinkard ní 1952, My Life in the Bush of Ghosts ní 1954. Inú ìwé àkọ́kọ́ ni ìtàn ọkùnrin arẹwà wà, tó yá gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀, tó sì ń dá wọn padà fún olówó wọn lọ́kọ̀ọ̀kan lójú ọ̀nà, títí tó fi ku agbárí nìkan níwájú ọmọbìnrin tó tẹ̀ lé e láti ọjà. Bí olùkọ́ bá ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré láti fi ẹ̀rù pa kíláàsì lẹ́nu mọ́, kí ó sọ ìtàn yìí ní Yorùbá, kí ó má sì yára nígbà tó bá dé ibi tí ọkùnrin náà ti ń bọ́ apá.

Láti nǹkan bí 1970 ni ojú ọ̀nà ti yí padà. Àjà Ló Lẹrù (1969) àti Àgbàlagbà Akàn (1971) ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí, pẹ̀lú àwọn ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ti Kọ́lá Akínlàdé, gbé àròsọ Yorùbá kúrò nínú igbó wá sí ìgboro. Ọ̀daràn rọ́pò ebora. Ẹ̀rù kò kú, ó kó lọ sí inú fíìmù. Hubert Ògúndé ṣe Ayé ní 1979 àti Jáyésinmi ní 1980, àwọn oníṣẹ́ fídíò sì gbé e láti ibẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, ọmọ tó fẹ́ kí ẹ̀rù ba òun ní èdè Yorùbá lónìí, tẹlifíṣọ̀n ló ń lọ bá. Igbó náà pàápàá ti di nǹkan mìíràn. Ní oṣù kẹta ọdún 2014, wọ́n tú àṣírí ibùba kan nínú igbó Ṣókà ní Ìbàdàn, wọ́n bá àwọn ènìyàn tí ebi ti hàn léèmọ̀ nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, wọ́n sì bá egungun òkú. Gbogbo ènìyàn ló sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ nígbà náà. Bí a ti ń kọ èyí, a kò tíì ka àròsọ Yorùbá kan tó mú igbó yẹn ní igbó Irúnmalẹ̀ ti òde òní.

Orí Ta Ni Ẹ̀rù Ń Bà Lé?

Kí a tó dárúkọ ìwé tuntun kankan, a ní láti padà sọ́dọ̀ bàbá tó wá bínú. Ó rọrùn láti sọ pé kò lajú. Àwa kò ní sọ bẹ́ẹ̀, nítorí pé nǹkan kan wà nínú ẹ̀sùn rẹ̀. Ìtàn adẹ́rùbani máa ń fi ojú han ẹnìkan gẹ́gẹ́ bí orísun ẹ̀rù. Bí orísun náà bá jẹ́ olójú mẹ́rìndínlógún, kò sí ẹni tí a ó lọ nà nígbà tí a bá pa ìwé dé. Bó bá jẹ́ ìyá arúgbó tó ń dá gbé ní ìkángun àdúgbò ńkọ́? Bó bá jẹ́ ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ńkọ́? Ní ìpínlẹ̀ Akwa Ibom, àwọn òbí àti àwọn tó pe ara wọn ní wòlíì fi ẹ̀sùn àjẹ́ kan àwọn ọmọdé, wọ́n lé wọn síta, wọ́n fi ìyà pá wọn lórí, títí ìjọba ìpínlẹ̀ náà fi ṣe òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ní 2008 tó sọ irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ di ọ̀ràn. Fíìmù àti ìwé tí àjẹ́ inú rẹ̀ máa ń jẹ́ obìnrin àgbà tàbí ọmọ aláìlárá kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí a dábàá pé kí olùkọ́ bi ìwé kọ̀ọ̀kan ni èyí: nígbà tí mo kà á tán, ta ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù ní àdúgbò mi? Bí ìdáhùn bá jẹ́ ẹni tí kò lágbára, kí a fi ìwé náà sílẹ̀, tàbí kí a kà á pẹ̀lú àríyànjiyàn. Bí ìdáhùn bá jẹ́ alágbára tó ń ni ènìyàn lára, tàbí tó jẹ́ ara mi gan-an, ìwé náà yẹ ní kíkà. A kò yọ Fágúnwà sílẹ̀. Ìyá Àkàrà-ògùn jẹ́ àjẹ́ nínú ìtàn, ọmọ rẹ̀ ló sì ń sọ ọ́. Olùkọ́ kò gbọdọ̀ fò ó. Kí ó bi kíláàsì léèrè bí ìtàn náà ì bá ṣe rí ká ní ìyá ló ń sọ ọ́.

Àwọn Ìwé Tí A Fọwọ́ Sí

Ìwé tí a ó kọ́kọ́ gbé sókè ni Ghostroots (2024), àkójọ ìtàn kéékèèké méjìlá láti ọwọ́ 'Pemi Aguda. Èkó ni ibùdó ìtàn. Ìwé náà wà lára márùn-ún tó dé ìpele ìkẹyìn fún ẹ̀bùn National Book Award ti Amẹ́ríkà ní ọdún náà. Nínú "Manifest", ìyá kan bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ ìyá tirẹ̀ tó ti kú pe ọmọ rẹ̀, nítorí pé ojú ọmọ náà ti di ojú ìyá àgbà. Ìyá àgbà yìí kì í ṣe ènìyàn rere nígbà ayé rẹ̀, ìwà ọmọ náà sì ń bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Àwa tó ń sọ ọmọ ní Yétúndé pẹ̀lú ayọ̀, a kì í sábà béèrè irú Yéyé tó padà wá. Òǹkọ̀wé yìí béèrè. Iyèméjì Todorov wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí pé a kò lè sọ bóyá òkú ló padà tàbí bóyá ìbẹ̀rù ìyá ló ń sọ ọmọ di ohun tó ń bẹ̀rù.

Ìtàn mìíràn nínú rẹ̀, "24, Alhaji Williams Street", rọrùn láti sọ, ó sì ṣòro láti gbàgbé. Ní àdúgbò kan, ibà kan ń pa ọmọkùnrin tó kéré jù ní ilé kọ̀ọ̀kan, láti ilé dé ilé. Ẹni tó ń sọ ìtàn jẹ́ àbígbẹ̀yìn. Kò sí ebora, kò sí ọfọ̀, ibà ń bọ̀ ni. Nínú gbogbo ohun tí a ó dárúkọ, ìtàn yìí ló jọ ìfòyà Radcliffe jù. Bí a bá bi í ní ìbéèrè tiwa, kò fi ìka tọ́ka sí aládùúgbò kan gẹ́gẹ́ bí àjẹ́. Ohun tó fi hàn wá ni bí ojú àwọn aládùúgbò ṣe ń rí nígbà tí ikú bá ń ka nọ́ńbà ilé.

Cursed Daughters ti Oyinkan Braithwaite jáde ní 2025. Ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́, My Sister, the Serial Killer (2018), ti sọ ọ́ di ẹni mímọ̀, ṣùgbọ́n apànìyàn lásán ló wà nínú ìyẹn. Nínú ti tuntun yìí, ègún kan wà lórí àwọn obìnrin ìdílé Fálódùn ní Èkó, pé ọkùnrin kò ní bá wọn kalẹ́. Wọ́n bí Eniiyi ní ọjọ́ tí wọ́n sin Monife, ó sì jọ òkú náà bí ẹni pé wọ́n fi i yọ́ ọ. Gbogbo ilé gbà pé òkú ló padà. Ọmọ ń dàgbà sínú ayé ẹlòmíràn. A kò lè pe ìwé náà ní ìtàn adẹ́rùbani pátápátá, nítorí ìfẹ́ àti ẹ̀fẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀. Síbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ kọ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ lórí àtúnwáyé yóò rí oúnjẹ jẹ níbẹ̀.

Àwọn méjèèjì yìí ní ẹ̀gbọ́n kan. Helen Oyeyemi, tí wọ́n bí ní Nàìjíríà ní 1984 tó sì dàgbà ní Lọ́ńdọ̀nù, kọ The Icarus Girl nígbà tó ṣì wà ní ilé-ẹ̀kọ́; ó jáde ní 2005. Jessamy, ọmọ ọdún mẹ́jọ tí bàbá rẹ̀ jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tí ìyá rẹ̀ sì jẹ́ Yorùbá, wá sí ilé bàbá ìyá rẹ̀ ní Ìbàdàn, ó sì bá ọmọbìnrin kan pàdé nínú ọgbà níbẹ̀, tó ń pè ní TillyTilly. Ẹlòmíràn kò rí i. Ìgbà tó yá ni Jessamy gbọ́ pé ìbejì ni òun, pé èkejì òun kú nígbà ìbí, àti pé ẹnikẹ́ni kò gbẹ́ ère ìbejì fún un. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ti rí ère ìbejì nínú àwòrán, wọ́n sì mọ̀ ọ́n ní iṣẹ́ ọnà. Ìwé yìí yóò jẹ́ kí wọ́n mọ ohun tí ère náà wà fún, àti ohun tí àìsí rẹ̀ lè dá sílẹ̀ nínú ilé tí ọ̀fọ̀ kò ní ibi tí yóò jókòó sí.

Nuzo Onoh, ọmọ Igbo tó ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò fi iyèméjì ṣeré rárá; òkú rẹ̀ ń jáde ní gbangba. Ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé ìtàn adẹ́rùbani ní Amẹ́ríkà fún un ní ẹ̀bùn Bram Stoker fún iṣẹ́ ìgbésí ayé ní 2023. Nínú Where the Dead Brides Gather (2024), Bata, ọmọ ọdún mọ́kànlá, dúró lóru níwájú ilẹ̀kùn ìbátan rẹ̀ tó fẹ́ ṣe ìgbéyàwó, láti gbà á lọ́wọ́ ìyàwó kan tó ti kú. Kí ọjọ́ orí Bata má tan olùkọ́ jẹ: ìwé àgbàlagbà ni. Akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì ni kí a fún, kì í ṣe ọmọ girama kékeré.

Láti Amẹ́ríkà, The Reformatory (2023) ti Tananarive Due ni a fẹ́ kí gbogbo olùkọ́ kà, nítorí pé ilé-ẹ̀kọ́ ni ibùdó rẹ̀. Ọdún 1950 ni, ní Florida. Ọmọkùnrin aláwọ̀ dúdú ọmọ ọdún méjìlá kan, Robert, gbá ọmọ aláwọ̀ funfun kan nípàá nítorí pé ó ń yọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin lẹ́nu. Wọ́n sì rán an lọ sí ilé àtúnṣe àwọn ọmọkùnrin. Robert lè rí òkú. Àwọn ọmọ tó kú síbẹ̀ pọ̀, ọ̀gá ilé náà sì fẹ́ lo ojú Robert láti fi mú wọn. Due kọ ìwé yìí nítorí ìbátan rẹ̀ kan tó kú ní 1937 ní Dozier School, ilé àtúnṣe gidi kan ní Marianna tí wọ́n kò tì pa títí di 2011. Àwọn olùwádìí University of South Florida rí ibojì 55 nínú ilẹ̀ rẹ̀. Ta ni a bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù nígbà tí a kà á tán? Kì í ṣe òkú. Àwọn òkú ni ẹlẹ́rìí. Ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ àti ẹgba lọ́wọ́ ni, àwa olùkọ́ náà sì ní ẹgba lọ́wọ́.

The Buffalo Hunter Hunter (2025) ti Stephen Graham Jones tẹ̀ lé ọ̀nà kan náà. Jones jẹ́ ọmọ ẹ̀yà Blackfeet, ọ̀kan nínú àwọn onílẹ̀ àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà. Ìtàn rẹ̀ dá lórí ọkùnrin ẹ̀yà náà kan tó di amùjẹ̀ aláìlèkú, tó ń gbẹ̀san ìpakúpa tí àwọn ọmọ ogun ṣe fún àwọn ènìyàn rẹ̀ ní 1870, tó sì ń jẹ́wọ́ fún pásítọ̀ kan ní 1912. Ìwé náà gùn, èdè rẹ̀ sì le. Ẹni tó bá fẹ́ èyí tó kúrú, kí ó wá The Ballad of Black Tom (2016) ti Victor LaValle, tó mú ìtàn kan tí H. P. Lovecraft kọ pẹ̀lú ìkórìíra sí àwọn àjèjì, tó sì tún un sọ láti ẹnu ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan ní Harlem. Orí Lovecraft yìí ni wọ́n fi ṣe ère ẹ̀bùn World Fantasy tẹ́lẹ̀. Nnedi Okorafor gba ẹ̀bùn náà ní 2011, ó sì kọ̀wé nípa ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ bí orí ẹni tó kórìíra àwọ̀ rẹ̀ ṣe wà nínú ilé rẹ̀. Ní 2015 ni wọ́n pinnu láti dáwọ́ lílo orí náà dúró.

Àwọn kan yóò béèrè ibi tí a fi Shigidi and the Brass Head of Obalufon (2023) ti Wole Talabi sí. Ṣìgìdì wà nínú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń fi àlá burúkú ránṣẹ́, tó wá lọ jí orí idẹ gbé ní British Museum. Ìwé náà dùn, ó ń sáré, a sì rẹ́rìn-ín. Kò bà wá lẹ́rù. Ọmọbìnrin inú ìfáàrà wa yóò dá a padà.

Bí A Ṣe Lè Lò Wọ́n Nínú Kíláàsì Yorùbá

Nísinsìnyí ni a lè dáhùn ìdí tí olùkọ́ Yorùbá yóò fi máa polówó ìwé Gẹ̀ẹ́sì. Aguda, Braithwaite àti Oyeyemi kò ya ẹ̀rù wọn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àtúnwáyé, ìbejì àti ègún ìdílé, inú ilé wa ni wọ́n ti kó wọn. Ohun tó jáde nílé wa ti gba ọ̀nà Lọ́ńdọ̀nù àti New York lọ, bí a kò bá sì lọ pàdé rẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa yóò rò pé Gẹ̀ẹ́sì ló ni ín. A ti dán ọ̀nà kan wò pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì wa. A kì í ní kí wọ́n túmọ̀ ìwé, nítorí pé ìtumọ̀ ní òfin tirẹ̀. A ní kí ẹnìkan ka ìtàn kan nílé, kí ó pa ìwé dé, kí ó wá sọ ọ́ fún kíláàsì ní Yorùbá lálẹ́, ní àkókò tí a máa ń pàlọ́. Kí ó sọ ọ́ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ ní àdúgbò rẹ̀.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ yani lẹ́nu. Akẹ́kọ̀ọ́ tó sọ ìtàn ibà ojúlé kẹrìnlélógún bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n nígbà tó dé ilé kẹta, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú àjẹ́ wọ inú rẹ̀: ìyá àgbà kan tó ń ta ẹ̀kọ ní ìkóríta, tí kò sí nínú ìwé rárá. Nígbà tí a bi í léèrè ibi tó ti rí i, ó ní òun kò mọ̀. Ó ní ìtàn kò dúró lẹ́nu òun láìsí i. A fi wákàtí kan tó kù jíròrò lórí ìyá ẹlẹ́kọ yẹn. Àwọn kan ní Yorùbá kò lè sọ ìtàn ikú láìsí ẹni tó fà á. Ọ̀kan dìde, ó ní ìyá tó bí ìyá òun ń ta ẹ̀kọ. A ní kí ẹni tó ń sọ ìtàn tún un sọ ní ọ̀sẹ̀ kejì láìsí ìyá náà, kí ó sì wá ohun mìíràn tí yóò mú ìtàn dúró.

Ó lo ìró. Ní ilé kọ̀ọ̀kan, ó jẹ́ kí a gbọ́ bí ìyá ṣe ń pe àbígbẹ̀yìn rẹ̀ wọlé ní ìrọ̀lẹ́, ìpè náà ń sún mọ́ ilé tiwa, orúkọ kan sì ń dín nínú àwọn orúkọ tí wọ́n ń pè. Kò dárúkọ ikú. Nígbà tó dé ojúlé kẹrìnlélógún, ó dákẹ́. Iná mànàmáná kò sí ní alẹ́ ọjọ́ náà, ó sì pẹ́ díẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dìde láti lọ sí ilé.

Ìwé Ghostroots ni akẹ́kọ̀ọ́ wa tó kọ́kọ́ mú ìbéèrè wá fi ránṣẹ́ sí ọmọbìnrin náà, tó ti wà ní kíláàsì àṣekágbá báyìí. Ó kọ lẹ́tà kan sí bàbá rẹ̀ mọ́ ọn, ní Yorùbá, láti ṣàlàyé ohun tó wà nínú ìwé náà ní ìtàn kọ̀ọ̀kan, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó kọ́kọ́ kà á fúnra rẹ̀ kí ó tó fi lé ọmọ lọ́wọ́. Ìdáhùn tó gbọ́ ni pé bàbá ṣì ń kà á.